Kú Àbọ̀ Tí Ó Ṣẹ́kù

“Bí Baba bá dé, ẹ bá mi kí wọn kú àbọ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró sọ kẹ́yìn fún Ọdẹ́yẹmí, ọkọ rẹ̀, nìyẹn. Ọdẹ́yẹmí rò pé yóò tún sọ òmíràn. Ó tẹ́tí. Kò sọ òmíràn mọ́.

Baba tí ó ń wí kì í ṣe baba tí ó bí i. Gbádéwọlé ni, olórí agbo ilé tí wọ́n ń gbé ní ìlú Ìdó-Ọsàn láyé àtijọ́. Òun ni ó ni ilẹ̀. Òun ni ó ni àká. Òun ni ó ni àga ńlá tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó wà nínú agbo ilé náà, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe ìyàwó, ìbáà ṣe ẹni tí ó wá forí pamọ́ síbẹ̀, Baba ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi ìfẹ́ pè é. Mo tètè sọ èyí nítorí pé ìtàn yìí kò ní í yẹ ẹ́ ní gbogbo ibi.

Ní ọdún kan, ìránṣẹ́ dé láti ìlú ìyá Gbádéwọlé, ní òdìkejì odò ńlá. Wọ́n ní oyè ìdílé ti kàn án. Ó múra. Ní òwúrọ̀ tí yóò lọ, ó pe gbogbo ilé jọ. Ó fi ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ lé Ògúnṣínà, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, lọ́wọ́. Ó ní kí ó máa ṣàkóso ilé, kí ó máa ṣí àká fún wọn lásìkò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ebi sùn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Àwẹ̀ró, tí ó jẹ́ ìyàwó tuntun nínú agbo ilé nígbà náà.

“Ìyàwó, ìwọ ni mo fi àmù mi lé lọ́wọ́.”

“Mo gbọ́, Baba. Ẹ ó bá a ní kíkún.”

“N kò ní í pẹ́,” ni Gbádéwọlé wí. Ó bọ́ sọ́nà.

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu-ọ̀nà ni àmù náà wà. Ní agbo ilé yìí, bí olórí ilé bá lọ sí àjò, àràárọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ omi inú àmù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í mu ún. Wọn kò mọ ọjọ́ tí yóò dé, òùngbẹ ọ̀nà kò sì gbọdọ̀ bá a wọ inú ilé. Àṣà mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí onílé bá ti àjò dé, yóò dúró lẹ́nu-ọ̀nà, yóò ní, “Ẹ kú ilé o!” Gbogbo ẹni tí ó fi sílé yóò dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Ẹ kú àbọ̀.” Bí ó bá ku ẹnì kan tí kò tíì dáhùn, onílé kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì tíì jókòó sórí àga kì í dá ẹjọ́ ní agbo ilé náà. Ọlọ́gbọ́n ni àwọn tí ó dá àṣà yìí sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí onílé mọ ẹni tí ó kù àti ẹni tí kò sí mọ́ kí ó tó fi ìdí lélẹ̀.

Gbádéwọlé pẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ti ń rìn, wọ́n ti ń sáré, wọn kò sì mọ̀ ọ́n.

Ògúnṣínà kò ya ìkà lọ́jọ́ kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹní ni ó ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga ńlá náà tí ó ń jókòó lé. Nígbà tí ó yá, ó ń fi ìgúnpá ti apá àga náà. Nígbà tí ó tún yá, ó gun orí rẹ̀. Àwọn tí ó ń yìn ín ni ó ń ṣí àká fún. Ẹni tí kò bá yìn ín, ọ̀la ni yóò padà wá. Ọ̀pá tí Baba fi lé e lọ́wọ́ kí ó fi ṣọ́ ilé, ẹ̀yìn ènìyàn ni ó ń fi í nà. Bí ẹnìkan bá sunkún lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé, wọn a ní, “Ẹ ní sùúrù. Baba ń bọ̀.” Wọn a sì padà sídìí ayò wọn lábẹ́ igi ọsàn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi í pa ẹnu ẹni tí ebi ń pa dé.

Nínú àwọn ìtàn tí oníwàásù ń kà fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, olúwa ilé máa ń rìnrìn àjò. Ó ń fi ilé sílẹ̀ fún ìríjú. Ìríjú a rí i pé olúwa òun pẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin. Olúwa rẹ̀ a dé lọ́jọ́ tí kò retí, a sì jẹ ẹ́ níyà. Oníwàásù a pa ìwé dé. Gbogbo ìjọ a máa bẹ̀rù nítorí ìríjú. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìránṣẹ́bìnrin tí wọ́n lù. Ṣé ara rẹ̀ yá? Ta ni ó wẹ ojú egbò rẹ̀? Kí ni olúwa rẹ̀ sọ fún un nígbà tí ó dé? Ti ìránṣẹ́bìnrin náà ni mò ń sọ.

Ní ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Odò tí ó wà nítòsí gbẹ kanlẹ̀. Omi tí ó kù ni ìsun tí ó wà lábẹ́ àpáta, ní ẹ̀yìn òkè. Ẹni tí ó bá jí lọ síbẹ̀, oòrùn yóò ti gókè kí ó tó dé. Àwẹ̀ró ń lọ. Omi Baba ni ó ń kọ́kọ́ pọn kí ó tó pọn ti ilé ara rẹ̀. Èyí tí ó bá gbọ̀n kúrò nínú àmù, a fi wẹ àwọn ọmọ kéékèèké ilé.

Iṣẹ́ òrùlé bíbò ni Ọdẹ́yẹmí ń ṣe. Ó wo ọrùn ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, inú bí i.

“Àwẹ̀ró, ta ní ń mu omi yìí?”

“Kò sí.”

“O wá ń fi ọrùn ru omi fún àlá?”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tí ẹ ń bo òrùlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé òjò ń rọ̀ ni?”

Ọdẹ́yẹmí súnmọ́ ọn. Ó gba òṣùká lọ́wọ́ rẹ̀, ó wé e dáadáa fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọdẹ́yẹmí wà ní abúlé kejì, ó ń bo ilé fún wọn. Ògúnṣínà jókòó sórí àga ńlá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti mu ẹmu, òùngbẹ omi wá ń gbẹ wọ́n. Àwẹ̀ró ń kọjá lọ.

“Ìyàwó, bu omi fún àwọn àlejò mi.”

“Omi wà nínú ilé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n lọ bù ú wá.”

“Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Èyí tí ó wà lẹ́bàá mi ńkọ́?”

“Ti Baba ni, ẹ̀gbọ́n.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín. “Baba wo? Ṣé èyí tí ó ti gbé ìyàwó tuntun sí òdìkejì odò ni? Ara rẹ̀ á ti yọ̀!”

Ògúnṣínà náà rẹ́rìn-ín. “Àjò ti dùn mọ́ onílé lára, ìyàwó. Ó ti gbàgbé ọ̀nà ilé. Èmi ni onílé báyìí. Bù ú.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Kò pariwo. “Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.”

Ẹ̀rín dá. Èyí tí ó ń rẹ́rìn-ín jù nínú wọn yíjú wo ẹnu-ọ̀nà, bí ẹni pé ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ògúnṣínà rí i tí ó wo ibẹ̀. Ohun tí ó bí i nínú nìyẹn. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ ti àmù ṣubú. Omi ṣàn wọ inú ilẹ̀ gbígbẹ. Ó gbé ọ̀pá Baba sókè, ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu Àwẹ̀ró ní ẹ̀yìn àti ní ìhà, lórí ìkúnlẹ̀ tí ó wà.

“Ìwọ tí o mọ̀ pé ó ń bọ̀,” ni ó wí, “lọ pọn òmíràn kí ó tó dé. Inú oòrùn yìí náà ni wàá bọ́ sí.”

Àwọn àgbà rí i láti ìdí ayò. Ọmọ ayò wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan mi orí. Ó ní, “Baba ń bọ̀.” Èkejì ní, “Ìwọ ló kàn, ta á.”

Àwẹ̀ró gbé ìkòkò, ó lọ. Kò sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé, arúgbó kan tí ilé rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun agbo ilé, nìkan ni ó pariwo lé wọn lórí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé ẹnu ọgbà.

Nígbà tí Ọdẹ́yẹmí dé ní ìrọ̀lẹ́, àmù ti padà sí ìdúró rẹ̀. Ó kún. Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ nínú ilé, ó kọjú sí ògiri. Ó ń wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ikọ́ náà. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé se àgbo fún un, ó fi omi gbígbóná jó ìhà rẹ̀. Kò ràn án. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó lò. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ó sọ kẹ́yìn.

Kò bú Ògúnṣínà. Kò ní kí Ọdẹ́yẹmí gbẹ̀san. Ẹni tí ó lọ tí kò dé ni ó rántí láti kí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọdẹ́yẹmí lọ bá Ògúnṣínà lórí àga, ó gbá a lọ́rùn mú. Kí o tó ṣẹ́jú, àwọn àgbà ilé ti dé. Wọ́n di Ọdẹ́yẹmí mú lápá, wọ́n dì í mú lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ tí kò yá nígbà tí wọ́n ń lu Àwẹ̀ró wá yá lọ́jọ́ náà.

“Ṣe sùúrù, Ọdẹ́yẹmí,” ni wọ́n ń wí. “Baba ń bọ̀. Wọn á dá ẹjọ́ náà.”

“Nígbà tí wọ́n bá dé,” ni Ọdẹ́yẹmí bi wọ́n, “ta ni wọn ó bá nílé?”

Wọ́n tú u sílẹ̀. Ó lọ sídìí àmù. Kò gbọn omi inú rẹ̀, kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Omi tí Àwẹ̀ró rù kẹ́yìn ni. Ó dé e, ó gbé òkúta lé ìdérí rẹ̀. Ògúnṣínà pàápàá kò súnmọ́ ibẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń kọjá, ó ń fi apá ibòmíràn gbà.

Òjò rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, odò tí ó wà nítòsí kún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ògúnṣínà wà lórí àga ńlá, ó na ẹsẹ̀ síwájú, onígbàjámọ̀ ń fá orí rẹ̀. Ìdajì ni abẹ ti kàn nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn lẹ́nu-ọ̀nà.

“Ẹ kú ilé o!”

Ó ti rù. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, erùpẹ̀ ọ̀nà bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ kó abẹ rẹ̀, ó bá ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ògúnṣínà já bọ́ sílẹ̀ láti orí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbọrangandan, ìdajì orí rẹ̀ ń dán, ìdajì kún fún irun.

“Ẹ kú àbọ̀, Baba! Ojoojúmọ́ ni mò ń retí yín!”

“Mo rí i,” ni Gbádéwọlé wí.

Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú àbọ̀, Baba. Ẹ kú àbọ̀. Àwọn àgbà ayò ni ó ké e jù. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé sunkún, ó sì kí i. Gbádéwọlé ń fi etí ka ohùn wọn bí ó ti dúró. Nígbà tí ẹnu dákẹ́, ó wo àmù, ó rí òkúta tí ó wà lórí rẹ̀.

“N kò gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró.”

Gbogbo ojú wo ilẹ̀.

“Mo ní n kò gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró.”

“Ẹ bi ọkọ rẹ̀,” ni Ìyá Ẹ̀yìnkùlé wí.

Ọdẹ́yẹmí ti ẹ̀yìn èrò jáde wá. Kò dọ̀bálẹ̀. “Àwẹ̀ró ní kí n bá òun kí yín kú àbọ̀.”

“Níbo ni òun fúnra rẹ̀ wà?”

“Ẹ̀yìn ilé mi. Abẹ́ ilẹ̀.”

Ó rò ó fún un. Kò fi kún un, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ó sọ ti omi, ó sọ ti ọ̀pá, ó sọ ti ayò. Nígbà tí ó parí, ó gbé ojú sókè.

“Níbo lẹ wà, Baba?”

“Ọ̀nà jìn, ọmọ mi.”

“Ọ̀nà jìn fún yín. Ọ̀nà ìsun jìn fún un. Òun lọ, ó dé, ó sì gbé omi bọ̀.”

“Háà! Ọdẹ́yẹmí!” ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà kígbe. “Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?”

“Ẹ dákẹ́,” ni Gbádéwọlé wí. “Ẹ̀yin tí ẹ dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀, ẹ tún dákẹ́ sí i.”

Ó lọ sídìí àmù. Ó gbé òkúta kúrò, ó ṣí ìdérí. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó wo omi náà títí.

“Ọdẹ́yẹmí, ṣé kí n mu ún?”

Ọdẹ́yẹmí kò dáhùn. Gbádéwọlé dá ìdérí padà, ó dá òkúta padà.

Ògúnṣínà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀. “Baba, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ẹ kò ní í dé mọ́ ni.”

“Bí n kò bá dé mọ́, ṣé ẹ̀yìn Àwẹ̀ró kò ní í dùn ún ni?”

Ògúnṣínà fi iwájú orí kanlẹ̀.

“Ẹ jókòó, Baba,” ni àwọn àgbà wí, “kí ẹ lè dá ẹjọ́.”

“Ó ku ẹnì kan.” Ó yíjú sí Ọdẹ́yẹmí. “Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi?”

“Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.”

“Mo gbọ́ ti Àwẹ̀ró. Tìrẹ ni mò ń béèrè.”

“Tèmi kò tíì dé ẹnu mi.”

Àwọn àgbà rọ́ lù ú. Wọ́n ní àgbàlagbà ni Baba, ẹsẹ̀ ń ro ó. Wọ́n ní bí kò bá kí i, Baba kò ní í jókòó, bí Baba kò bá sì jókòó, Ògúnṣínà á lọ láìjìyà. Wọ́n ní ṣé ohun tí ó fẹ́ nìyẹn? Ọdẹ́yẹmí ń wo àga òfìfo náà. Ó la ẹnu, ó pa á dé.

Gbádéwọlé gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ fi í sílẹ̀. Lórí ìdúró ni n ó dá ẹjọ́ yìí. Bí àwọn baba wa bá bínú, èmi ni kí wọ́n bi léèrè.”

Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ Ògúnṣínà, ó fi orúnkún ṣẹ́ ẹ. “Dìde, máa lọ, pẹ̀lú orí tí ó wà lọ́rùn rẹ báyẹn. Bí o bá padà dé ẹnu-ọ̀nà yìí tí o ní ‘ẹ kú ilé’, kò ní í sí ẹni tí yóò dá ọ lóhùn.” Ó wo àwọn àgbà. “Ẹ̀yin, odò tí ó wà nítòsí ti kún, mo mọ̀. Ìsun abẹ́ àpáta ni ẹ̀yin ó ti máa pọn omi ilé yìí. Ẹ fi orí ara yín rù ú.”

Ògúnṣínà jáde, ó fi ọwọ́ bo ìdajì orí rẹ̀. Àwọn àgbà lọ wá òṣùká.

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé fa ẹní wá. “Baba, ẹ jókòó sórí èyí náà.”

“Rárá. Ọdẹ́yẹmí dúró dè mí. Èmi náà á dúró dè é.” Ó fi ẹ̀yìn ti òpó ẹnu-ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan ní Ìdó-Ọsàn bá fẹ́ fi àìsí onílé hùwà ìkà, ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró sọ lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà. Lónìí, àlejò tí ó ti jẹun yó ni ó ń fi í dìde nídìí àwo, gbogbo ènìyàn a sì rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò jẹun yó. Wọ́n lù ú nítorí rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbà á tí wọ́n fi ń pa á lówe pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Onílé sì relé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́yẹmí kò tíì da omi inú àmù náà nù. Kò tíì sọ bóyá kí Baba mu ún. Kò tíì ká aṣọ Àwẹ̀ró kúrò lórí okùn. Kò tíì bo ibi tí òrùlé ti ń jò ní apá ibi tí ó máa ń sùn sí. Kò tíì kí onílé kú àbọ̀.